Ohùn Ṣe É Kọ́

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ àwọn tí wọ́n ń pè ní transgender ní họ́stẹ̀lì, ẹ̀rín ló máa ń tẹ̀lé e. Wọ́n á ní, "Ọkùnrin tó lóun di obìnrin, ohùn ńkọ́?" Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Wọn ò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ló wà lọ́kàn ẹni tọ́rọ̀ kàn, tọ̀sán tòru.

"Ó" la fi ń pe ọkùnrin lédè wa, òun náà la fi ń pe obìnrin. Ṣùgbọ́n gbé fóònù, kó o ní "hẹ́lò" péré. Kíá, wọ́n á ti pè ọ́ ní "sà" tàbí "mà". Ohùn ti sọ̀rọ̀ kó o tó sọ̀rọ̀. Fún obìnrin tí wọ́n bí bí ọkùnrin, èyí kọjá ìtìjú. Lọ́jà, nínú mọ́tò, níwájú ọlọ́pàá tó dá mọ́tò dúró, gbólóhùn kan lè sọ ẹ̀rín di èébú, kó sọ èébú di lílù.

Ṣé oògùn ò lè ṣe é ni? Nígbà ìbàlágà, èròjà inú ara tó ń jẹ́ testosterone máa ń mú kí tán-án-ná ọmọkùnrin gùn, kó sì nípọn. Ohùn á wálẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí bí obìnrin, tó wá ń lo testosterone kó lè gbé ayé bí ọkùnrin, ohùn tiẹ̀ náà á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n estrogen kì í sọ tán-án-ná tó ti nípọn di tín-ín-rín. Iṣẹ́ abẹ ló kù, tàbí ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á kọ́ni bí a ṣe ń gbé ohùn sókè, àti bí a ṣe ń darí bó ṣe ń dún nínú ọ̀fun àti ẹnu. Ẹni tó bá ń fipá dá a ṣe ní kọ̀rọ̀ lè ṣe ọ̀fun ara ẹ̀ léṣe.

Wọ́n á ní, "Ohùn tí Ọlọ́run fún ọ ni kó o lò." Ẹ ṣeun. Margaret Thatcher ńkọ́? Kó tó di olórí ìjọba Bírítéènì ní 1979, ó ti gba olùkọ́ tó bá a rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó di Ọba George Kẹfà náà lọ bá Lionel Logue ní 1926 torí pé ó ń kólòlò. Nílé wa níbí, a kì í bí oníjàálá kó máa sun ìjálá lọ́jọ́ ìkómọ; ẹsẹ̀ ọ̀gá ló ti ń kọ́ ọ. Ta ló pe ìyẹn lẹ́ṣẹ̀?

Ní Bírítéènì, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, NHS gbà pé ìtọ́jú lèyí. Àmọ́ ilé ìwòsàn àkànṣe ni ọ̀pọ̀ wọn gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ìlànà NHS ni pé kí aláìsàn má dúró ju ọ̀sẹ̀ 18 lọ. Àwọn yìí ń dúró lọ́dún púpọ̀ kí wọ́n tó rí dókítà lẹ́ẹ̀kan. Olówó á sanwó ara ẹ̀. Tálákà ńkọ́? Á panu mọ́.

Bí ọmọ Yorùbá bá tiẹ̀ ráyè wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi kọ́ ọ. Wọ́n á ní kó máa gbé ìparí ọ̀rọ̀ sókè bí obìnrin wọn ṣe ń ṣe. Ẹ dán an wò: ẹ gbé ìparí "ọkọ" sókè, ọkọ yín ti di ọkọ́ ìroko! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì fonẹ́tíìkì sì mọ̀ pé ohùn òkè bàbá àgbà lè má ga tó ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdébìnrin, síbẹ̀ a gbọ́ àwọn méjèèjì yé. A lè gbé ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè pọ̀ láìba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ta ni yóò kọ́ni nìyẹn, bí kì í bá ṣe àwa?

Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ò tó nǹkan ní Nàìjíríà, kódà fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2014 lórí ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo sì ti dẹ́rù bani, bẹ́ẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa kíkọ́ ohùn. Ohun tí mo ń bèèrè ò pọ̀. Kí àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè àti ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ṣètò ẹ̀kọ́ yìí ní Yorùbá. Kí ẹni tó bá wá a rí i gbà láìsí ìwàásù, láìsí ẹ̀rín. Bí o ò bá fẹ́ràn wọn, ìyẹn ò ní kó o fún wọn lọ́rùn.

Ẹnu ẹni la fi í kọ "mi ò jẹ". Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní ohùn tí wọ́n á fi kọ ọ́.