Ewé Ni, Àmọ́ Ta Ló Wọ̀n Ọ́n?

Àrùn Parkinson máa ń mú ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, ojú kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ mọ́, àtide bọ́tìnnì ẹ̀wù á di iṣẹ́ ńlá. James Parkinson, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1817. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ tó ń ṣe dopamine, èròjà tí ara fi ń darí ìrìn, ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Dopamine kì í ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ; levodopa ló ń ráyè wọlé, tí á sì di dopamine níbẹ̀.

Ibi tí ẹ̀wà ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ní 1913, Marcus Guggenheim yọ levodopa láti inú ẹ̀wà fava ní Switzerland. Ní 1937, wọ́n rí i nínú wèrèpè ní Íńdíà. Walther Birkmayer àti Oleh Hornykiewicz fi levodopa wo aláìsàn ní Vienna ní 1961. Nígbà tó di 1967, George Cotzias fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ó ń jẹ́ bí a bá ń gbé e mì, tí a sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Títí dòní, òun ni àgbà oògùn àrùn náà.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbin irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ mọ̀: ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ìwọ̀n.

Ilẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ẹ̀wà fava fẹ́ òtútù. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń gbìn ín ní Íjíbítì, orí òkè ni wọ́n ti ń gbìn ín ní Etiópíà. Ooru Ilé-Ifẹ̀ á gbọn òdòdó rẹ̀ dànù. Wèrèpè ló mọ ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ti ṣán oko nígbà ọyẹ́ mọ̀ ọ́n: èso rẹ̀ á so rọ̀, irun pupa rúsúrúsú á bo èèpo rẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ́, kí olóko tó mọ̀, ó ti bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó ń họ ọrùn, ó ń họ apá. Irú èyí tí kì í yúnni náà wà, tí àwọn àgbẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gbìn láti fi ṣẹ́gun èkan. Nínú 100 gíráàmù kóró wèrèpè gbígbẹ, levodopa a máa tó gíráàmù 4 sí 6, èyí tó pọ̀ ju ti fava lọ fíìfíì.

Ẹ̀jẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Fava lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí èròjà G6PD kò tó lára rẹ̀: ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìtọ̀ á dúdú. Láàárín àwa Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ló wà bẹ́ẹ̀. Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Ìbàdàn ní 1969 pé kòkòrò ibà kì í rọ́wọ́ mú nínú irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nílẹ̀ wa. Irú tiwa kò le tó ti etí òkun Mẹditaréníà, síbẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú àwo ẹ̀wà.

Ìwọ̀n ló kù, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì ti ń kùnà. Ìyẹ̀fun wèrèpè nínú ọ̀rá, ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́, “ewé ni, kò lè pani lára.” Ṣé ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ kì í ṣe ewéko ni? Ní 1989, ọ̀dá mú kí àwọn ará Mozambique jẹ wèrèpè láìrí omi tó láti bọ̀ ọ́ kí wọ́n sì da omi rẹ̀ nù. Ó lé ní igba ènìyàn tí orí wọn dàrú.

Ṣíbí ta ni, báwo ló sì ṣe kún tó? Gíráàmù 5 ìyẹ̀fun lè ní mílígíráàmù 200 levodopa, ó sì lè ní 300. Wóró oògùn kan tí dókítà máa ń kọ ní levodopa 250 pẹ̀lú carbidopa 25, tí kì í jẹ́ kí levodopa di dopamine lójú ọ̀nà kó tó dé ọpọlọ. Wèrèpè kò ní olùrànlọ́wọ́ yẹn, ni èébì àti òòyì fi ń tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà oníṣègùn fúnra wọn sọ pé bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Òṣùwọ̀n ni ewé tí àwọn ọlọ́rọ̀-púpọ̀ yìí gbàgbé sílé.

Kì í ṣe pé wèrèpè kì í ṣiṣẹ́. Ní Bòlífíà, ìwádìí tó jáde ní 2017 fún aláìsàn 18 ní èyí tí wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀, ó sì jẹ́ bí oògùn òyìnbó. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn wọ̀n ọ́n, wọ́n sì jókòó ti aláìsàn. Ẹni tó ń lo oògùn dókítà kò gbọdọ̀ bù ú lé e, kò sì gbọdọ̀ já oògùn náà lójijì nítorí rẹ̀. Kó gbé kóró náà tọ dókítà iṣan ọpọlọ lọ.