Èkó Wo Ni Wọ́n Ń Ṣírò?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní Èkó kò nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, pé ìṣirò ti fi hàn pé ibà kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ni mo ṣe n'Íkòròdú títí mo fi fẹ̀yìn tì, n ò ní bá ìṣirò jà. Ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ni mo fẹ́ bi wọ́n.

Mo gbà pé nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà R21 dé Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá 2024, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, kò lè kárí. Ọmọ kan ṣoṣo ń gba 4. Wọ́n fi Kebbi àti Bayelsa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá, ó sì tọ́: nínú ìwádìí ibà tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2021, bí ìdajì ọmọdé tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní Kebbi ló ní kòkòrò ibà lára. Tí Èkó kò tó 5 nínú 100.

Ṣùgbọ́n Èkó wo? Ṣé Ìkòyí, tí wọ́n ń ti fèrèsé pa sùn nínú ẹ̀rọ amúlétutù, ni àbí Ejìnrìn l'Ẹ̀pẹ́, níbi tí apẹja ti ń jí lọ sọ́sà ní ìdájí, lákòókò tí ẹ̀fọn ibà ṣì ń jẹun lọ́wọ́? Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé bí Àjàyí bá ní máńgòrò 10, tí àwọn 9 yòókù ò ní nǹkan kan, ìpíndọ́gba á ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan. Ẹ lọ bi àwọn 9 náà bóyá wọ́n yó. Ìwádìí 2021 yẹn, ìpínlẹ̀ ló lè sọ̀rọ̀ nípa, kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ ní ká lo ìwé ilé ìwòsàn dípò rẹ̀? Ìyàwó àbúrò mi, ní Ẹbúté Ìpakodò, gbé àgbo kaná lójú mi báyìí: dóńgóyárò, ewé òroǹbó, èèpo ahùn. Ó da aṣọ bo ọmọ lórí ìkòkò, ooru ń rú, ọmọ ń làágùn, ó ń ké. Ìwé wo ló kọ orúkọ ọmọ yẹn sí?

Ronald Ross, tó fi hàn ní 1897 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà, ló tún ṣírò pé kò dìgbà tí a bá pa gbogbo ẹ̀fọn tán. Bí wọ́n bá ti dín sí ìwọ̀n kan, ibà á kásẹ̀ nílẹ̀. Ìwọ̀n yẹn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà fún títì ọlọ́dà àti àbàtà.

N ò ní kí wọ́n kó abẹ́rẹ́ wá lọ́la. Kí wọ́n ka Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú lọ́tọ̀, àdúgbò sí àdúgbò, kí wọ́n tó yọ wá kúrò. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ejìnrìn, ní ìdájí, kí wọ́n sì wọ aṣọ alápá gígùn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkòròdú.