Inú Géètì Nìkan Kò Tó Gbé fún Ìdílé Sójà ní Ilẹ̀ Japan

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó bá gbọ́ òwe yìí lè rò pé àlejò ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, àmọ́ ojú àánú ni wọ́n fi pa á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú kò mọ èèwọ̀ ibẹ̀, kò mọ ọjọ́ ọjà, kò sì mọ ẹni tí í gbani lọ́jọ́ ìṣòro. Àárín àwọn onílé ni ojú rẹ̀ ti ń là. Ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé sójà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó lọ sí ilẹ̀ Japan ni mo fẹ́ fi òwe náà wò, nítorí pé bí wọ́n ṣe ṣètò ìgbé ayé wọn níbẹ̀, àlejò lè dé, kó gbé ọdún mẹ́ta, kó sì padà sílé láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ là rárá. Èrò tèmi ni pé ìdílé tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀ ní àlàáfíà gbọ́dọ̀ tètè jáde ní géètì, kí wọ́n sì ní aládùúgbò ọmọ Japan tó mọ̀ wọ́n lórúkọ. N kò sọ èyí nítorí ìgbafẹ́ tàbí nítorí fọ́tò. Ààbò àwọn fúnra wọn ni mo ń rò. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa pátápátá: nígbà tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú wọn nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, ní 2009, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Àṣẹ tó ń gbé ará Texas lọ sí Okinawa lè gbé ọmọ Ìbàdàn náà lọ.

Àwọn sójà Amẹ́ríkà tó wà ní Japan lé ní 50,000, láìka àwọn ìyàwó, ọkọ àti ọmọ wọn. Àdéhùn tí ìjọba méjèèjì tọwọ́ bọ̀ ní 1951, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1960, ló fìdí wọn kalẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi wà ní Yokosuka àti Sasebo, àwọn ti òfurufú wà ní Yokota, Misawa àti Kadena, àwọn Marine sì wà ní Iwakuni àti ní Okinawa. Òǹkàwé tó mọ bárékè tiwa, tó mọ mámì máàkẹ́ẹ̀tì níbi tí sójà àti ìyá oníyán ti ń nájà láàárọ̀ lálẹ́, kó má fojú ìyẹn wo àwọn ibùdó wọ̀nyí. Yàtọ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́, ará Japan tí kò bá ní ìwé àṣẹ tàbí ẹni tó wá mú un wọlé kò lè kọjá géètì. Nínú ọgbà náà, dọ́là ni wọ́n ń ná. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ń ta wàràkàṣì àti ọkà tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà. Lẹ́tà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sílé, owó sítáǹbù abẹ́lé Amẹ́ríkà ni wọ́n ń san lé e lórí. Rédíò tiwọn ń sọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn tiwọn wà, ilé ẹ̀kọ́ tiwọn náà wà; èyí tó wà fún àwọn ọmọ girama ní Yokosuka, Nile C. Kinnick ni wọ́n fi sọrí, gbajúgbajà eléré ìdárayá ará Iowa tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní 1943. Lóòótọ́, àwọn kan ń jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé òpópónà Dobuita, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí géètì Yokosuka, tí wọ́n ra ẹ̀wù tí wọ́n kóṣẹ́ sí lẹ́yìn, wọ́n gbà pé àwọn ti rí Japan nìyẹn.

Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé kì í ṣe sójà ni ọ̀rọ̀ ìgbé ibẹ̀ dé bá jù. Sójà ní iṣẹ́, ó ní ọ̀gá, ó ní ẹgbẹ́, ibi yòówù kí wọ́n rán an lọ, ìlànà kan náà ló ń bá níbẹ̀. Láti 1973 tí ọkọ̀ Midway ti fi Yokosuka ṣe ilé ni ọkọ̀ ogun ńlá tí í gbé bàlúù ti ń wà níbẹ̀, títí dórí George Washington tó padà wá ní 2024. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣíkọ̀, ó lè di oṣù mélòó kan kí ojú tó tún rí ojú. Ta ló kù nílé? Ìyàwó ni, tàbí ọkọ, torí obìnrin pọ̀ nínú iṣẹ́ ológun wọn. Òun ni ọmọ yóò ṣàìsàn mọ́ lọ́wọ́ lóru, òun ni ẹ̀rọ amúlégbóná yóò bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ nínú òtútù. Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí àwọn ìyàwó sójà mìíràn wà nínú ọgbà tí wọn yóò ràn án lọ́wọ́. Wọ́n wà, wọ́n sì ń ṣe é, ìmọ̀lára wọn fún ara wọn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n oṣù 36 ni wọ́n máa ń fún sójà tó bá kó ìdílé dání, kì í sì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń dé. Bí ìwọ ti ń tú ẹrù, ọ̀rẹ́ tó mọ gbogbo ọ̀nà ti ń di ẹrù tirẹ̀. Ìmọ̀ tó kó jọ ní ọdún mẹ́ta bá a wọ bàlúù lọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ará Japan tó ń gbé nítòsí kò lọ síbì kan. Ẹni a bá lábà ni baba, òun ló mọ ibi tí omi ń gbà nígbà òjò, dókítà ọmọdé tó ṣeé bá sọ̀rọ̀, àti ilé tó yẹ kí a yà fún.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe rí fún ìdílé tó bá gba ilé níta. Wọn yóò san owó ìdúró fún onílé, wọn yóò san ti aṣojú rẹ̀, wọn yóò sì tún san owó ẹ̀bùn kan tí wọ́n ń pè ní reikin, èyí tí onílé kì í dá padà. Iléeṣẹ́ ológun ní ètò tí ó fi ń dá irú owó bẹ́ẹ̀ padà fún wọn. Àwọn wọ̀nyẹn rọrùn. Iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé. Àṣà àtijọ́ ní Japan ni pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kí ilé mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀ àti ilé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kó mú ẹ̀bùn tí kò tó nǹkan dání, bóyá tówẹ̀lì ìnuwọ́ tàbí bísíkíìtì tí wọ́n fi bébà dì dáadáa. Kì í tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ pàǹtírí. Ọjọ́ kan wà fún èyí tí iná ń jó, ọjọ́ mìíràn wà fún ike, òmíràn fún agolo àti ìgò. Wọ́n á ṣan ike omi, wọ́n á ṣí ìdérí rẹ̀, wọ́n á bó bébà ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á kó o lọ síbi tí àdúgbò ń kó o sí ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe lálẹ́ àná, wọ́n á sì fa àwọ̀n bò ó kí ẹyẹ ìwò má baà tú u. Àpò tó bá ṣìnà, àwọn akólẹ̀ á lẹ ìwé mọ́ ọn lára, wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí gbogbo àdúgbò rí i. Ẹni tó wà nínú ọgbà lè rẹ́rìn-ín sí èyí. Èmi rí i pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ irú ẹni tó wá bá wọn gbé. Bí a bá ṣe rìn là ń koni, ẹni tó fa àwọ̀n bo pàǹtírí dáadáa ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ti kí gbogbo àdúgbò láìla ẹnu.

Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ju ọmọlúàbí lásán lọ ni ìmìtìtì ilẹ̀. Àdéhùn 1960 tó dá lórí ipò àwọn sójà yọ àwọn àti ìdílé wọn kúrò nínú òfin tó ní kí àlejò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Orúkọ wọn wà nínú ìwé iléeṣẹ́ ológun, kò sí nínú ti ìlú tí wọ́n ń sùn sí. Bí ilẹ̀ bá mì lóru, ta ni yóò mọ̀ pé ọmọ méjì wà lókè ilé yìí? Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní, 1995, ìmìtìtì ilẹ̀ ní agbègbè Kobe pa ènìyàn tó lé ní 6,400. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yọ láàyè lábẹ́ àlàpà, ará ilé àti aládùúgbò ló yọ wọ́n kí ìjọba tó dé. Ní ìlú kékeré Hokudan ní erékùṣù Awaji, tí ìmìtìtì náà ti le gan-an, àwọn ará àdúgbò mọ yàrá tí olúkúlùkù ń sùn sí, wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́. Ìdílé tí aládùúgbò kò mọ̀ kò lè rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ jẹ. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti omíyalé ọjọ́ 11 oṣù kẹta, 2011 náà ṣẹlẹ̀, tí ìjàǹbá ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Fukushima tún dá kún un, Amẹ́ríkà gba àwọn ìdílé láyè láti lọ bí wọ́n bá fẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bú wọn, ìyá tó ń bẹ̀rù nítorí ọmọ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibùdó Misawa kan jáde lọ bá àwọn ará ìlú etíkun tó wà nítòsí palẹ̀ ẹrẹ̀ àti àlàpà mọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé kì í ṣe gbogbo ìdílé ló lè yan ibi tí yóò gbé. Òótọ́ ni. Ní àwọn ibùdó kan, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè gba ilé níta bí ilé inú ọgbà kò bá tíì kún. Wọ́n á tún sọ pé ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ló bá àwọn ọmọ mu, nítorí pé wọn yóò padà sílé lọ́jọ́ kan. N kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn náà. Jíjáde tí mò ń sọ kò dúró lórí ibi tí ènìyàn ń sùn. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ti Japan ń gba ọmọ ọdún mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nǹkan sì wà tí ìyá àti ọmọ lè kọ́ níbẹ̀ kí ti Amẹ́ríkà tó kàn. Àwọn mìíràn rò pé géètì ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ òfin onílùú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn Adderall tí dókítà Amẹ́ríkà ń kọ fún ọmọdé, òfin Japan kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú un wọ̀lú, ìwé dókítà ì báà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mú awakọ̀ níbẹ̀ jẹ́ 0.03 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ 0.08, òfin sì lè mú ẹni tó fún awakọ̀ lọ́tí pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ pé ó ti mu, síbẹ̀ tó bá a wọkọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí sójà bá ṣẹ̀ ará ìlú nígbà tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ilé ẹjọ́ Japan ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti Okinawa, n kò sì fẹ́ fò ó kọjá. Wọ́n á ní: báwo ni ènìyàn yóò ṣe lọ kí aládùúgbò tí kò fẹ́ kó wà níbẹ̀? Ilẹ̀ Okinawa kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Japan, 0.6 ni. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tí sójà Amẹ́ríkà nìkan ń lò ní Japan ló wà níbẹ̀. Abẹ́ àkóso Amẹ́ríkà ni erékùṣù náà wà títí di 1972. Ní 1995, sójà mẹ́ta jí ọmọbìnrin ọdún 12 gbé, wọ́n sì fipá bá a lò. Nǹkan bí 85,000 ènìyàn péjọ sí ìlú Ginowan níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà láti fi ìbínú hàn. Ní 2004, hẹlikópítà ológun já lu ọgbà yunifásítì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó Futenma. Àwọn tó ń bínú ní ìdí. Àgbà sì ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru: ohun tí mẹ́ta ṣe ti di ti gbogbo wọn. Kí ìdílé kankan má rò pé bísíkíìtì ilé márùn-ún lè tán ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àwọn ìjọba ló ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí ìbínú yìí jókòó sínú wáyà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà Y tó wà lára nọ́ńbà ọkọ̀ wọn ti sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún gbogbo ọ̀nà kí wọ́n tó la ẹnu. Ó sàn kí ará ìlú ní ẹnì kan lọ́kàn tó mọ̀ dáadáa ju kó jẹ́ pé lẹ́tà náà àti ìròyìn burúkú nìkan ló mọ̀. Mo sì ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń ṣe ìwọ́de lẹ́nu géètì Okinawa, ibùdó ni wọ́n ní kí wọ́n gbé lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá jà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, pé ọdún mẹ́ta kò tó ohun tí ènìyàn ń kọ́ èdè sí, pé àjò kò dùn kí onílé má relé. Bí ó bá jẹ́ pé èdè pátápátá ni mo ní kí wọ́n kọ́, ìbá jẹ́ òótọ́. Ìkíni mélòó kan, orúkọ àdúgbò, bí a ṣe ń ka ìwé pàǹtírí àti bí a ṣe ń pe panápaná kò gba ju oṣù díẹ̀. Ní Yokosuka, wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọ́n á fi kọ́ wọn ní àṣà ìlú, tí wọ́n á sì kó wọn wọ ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n mọ bí a ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ètò tó dára ni. Àbùkù tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ṣe é ni oorun ìrìn àjò kò tíì dá lójú àlejò, tí ẹrù kò tíì dé, tí kò sì tíì mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi ẹnikẹ́ni. Kí àwọn ọ̀gá ológun tún pe ìdílé náà padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí àwọn akólẹ̀ ti fi àpò pàǹtírí kan tàbí méjì sílẹ̀ fún wọn, kí ó sì jẹ́ pé ará ìlú tó ń gbé níta géètì ni yóò wá dá wọn lóhùn.