Ẹ Má Fi Nọ́ọ̀tì Fa Gíáàbọ́ọ̀sì
Ẹni tó bá ń wa jíìpù àtijọ́ ní Sábó, yálà ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, mọ̀ pé sísọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ kọ́ niṣẹ́. Dídá a padà ni. Mi ò bá àwọn mẹkáníìkì wa jiyàn lórí ọwọ́ ṣíṣe o. Láti ìgbà tí Leyland ti ń to Land Rover pọ̀ ní Ìbàdàn ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà láàárín wa. Ìkánjú wọn ni mi ò fara mọ́. Bí gíáàbọ́ọ̀sì kò bá lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì dáadáa, wọn a ní kí ọmọ iṣẹ́ fi nọ́ọ̀tì fà á wọlé. Kí ló dé tí kò fi lẹ̀ mọ́ ọn? Bí ọkọ̀ bá ní kílọ́ọ̀ṣì, àwo rẹ̀ ni kò wà láàárín gbùngbùn. Bó bá jẹ́ ọ̀tọ́mátíìkì, torque converter ni kò wọlé dé ìdí, nọ́ọ̀tì tí wọ́n sì ń fagbára dì yẹn lè fọ́ pọ́ǹpù inú gíáàbọ́ọ̀sì kí ọkọ̀ tó gbóná rárá. Wọ́n á tún fi ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì sílẹ̀, wọ́n ní kò tíì jò. Owó síìlì ò tó nǹkan. Kí a tó tún dé ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ló le, torí jíìpù tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ní ṣáàfù iwájú àti tẹ̀yìn, pẹ̀lú gíáàbọ́ọ̀sì kékeré tó ń pín agbára fún wọn. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ ra síìlì tuntun dání, kẹ́ ẹ sì dúró ti ọ̀gá títí ojú ẹ́ńjìnì àti ti gíáàbọ́ọ̀sì yóò fi pàdé kí wọ́n tó mú sípánà.