Ìdáríjì Kọ́ Ni Ìdáláre

Ibi kíkà wa ni Ìṣe àwọn Àpósítélì 16:35-39. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ yín ní àkókò àdúrà ìdílé.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi àmì ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè, CON, dá olóògbé Ken Saro-Wiwa lọ́lá, ó sì fún àwọn mẹ́jọ tí wọ́n jọ kú ní OON. Ó tún ní òun yóò dárí jì wọ́n pátápátá. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan láàrin àwọn ará Ogoni àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn fárígá. Wọ́n bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ènìyàn náà ṣẹ̀, tí a fi ń dárí jì wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Saro-Wiwa jẹ́ òǹkọ̀wé tó ń jà nítorí pé epo rọ̀bì ti ba odò àti oko àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1994, àwọn jàǹdùkú pa olórí Ogoni mẹ́rin. Ìjọba Abacha ní Saro-Wiwa ló rán wọn níṣẹ́. Ó ní irọ́ ni. Ìgbìmọ̀ àkànṣe ni wọ́n gbé wọn lọ, kò sì sí àyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àwọn ẹlẹ́rìí méjì búra pé wọ́n fi owó ra ẹnu àwọn. Olóyè Gani Fawehinmi, agbẹjọ́rò wọn, fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ nígbà tó rí i pé òdodo kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995, wọ́n yẹgi fún àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní Port Harcourt.

Ẹ rántí Nábótì. Wọ́n kó àwọn ẹlẹ́rìí èké jọ, àwọn àgbà ìlú jókòó, wọ́n sì sọ ọ́ ní òkúta pa. Ká ní lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, àwọn àgbà Jésírẹ́ẹ́lì wá fi Nábótì joyè, tí wọ́n sì ní àwọn ti dárí jì í, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sọ?

Pọ́ọ̀lù mọ ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn onídàájọ́ Fílípì ránṣẹ́ pé kí òun àti Sílà máa lọ ní àlàáfíà, ó kọ̀. Gbangba ni wọ́n ti nà wọ́n láìjẹ̀bi, kí àwọn tó ṣe é fúnra wọn wá mú wọn jáde. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹlẹ́bi ni à ń dárí jì. Aláìjẹ̀bi, a máa ń dá a láre ni.

Àmì ẹ̀yẹ dára, a kò ní kí wọ́n gbà á padà. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tún ìwé ẹjọ́ náà ṣí, kí wọ́n sì sọ òtítọ́. Ìdílé àwọn olórí mẹ́rin tí wọ́n pa pẹ̀lú ń sọkún. Ìdájọ́ tí kò dúró lórí òtítọ́ kò lè tu àwọn náà nínú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Baba tó na ọmọ nítorí ẹran tí kò jí, tó wá ra bàtà fún un, ṣùgbọ́n tí kò lè sọ pé, “Ọmọ mi, mo ṣì ọ́ nà,” kò tíì tún nǹkan ṣe. Ó kan ìjọ pẹ̀lú. Bí a bá bá ará kan wí ní gbangba lórí àhesọ, kí a má fi ipò díákónì tù ú lójú ní kọ̀rọ̀. Ibi tí a ti bà á lórúkọ jẹ́ ni kí a ti wẹ orúkọ náà mọ́.

Ta ni ó ń retí òtítọ́ láti ẹnu rẹ lónìí? Lọ bá a kí oòrùn tó wọ̀. Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti ṣe é, ní orúkọ Jésù. Àmín.