Gègé Tó Lẹ́wà, Tó sì Ṣe é Fi Ṣiṣẹ́ Lójoojúmọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n kò kéré nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ gègé ni. Kì í ṣe ti báírò tí a ń rà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri o. Gègé tí a ń fa yíǹkì sí nínú ni mo ń wí, irú èyí tí àwọn bàbá wa máa ń fi há àpò àyà bí wọ́n bá ń lọ sí ìpàdé ìlú. Bí olùkọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí oníṣòwò kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó bá fẹ́ ra ọ̀kan tó rẹwà, tí yóò sì máa fi kọ̀wé láti òwúrọ̀ dé alẹ́, èwo ni kó rà?

Ẹlòmíràn á ní fáàrí ni. N kò sẹ́, ó lè jẹ́ fáàrí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Olùkọ́ a kọ orúkọ ọmọ, a kọ ètò ẹ̀kọ́, a sì máa tún ìwé ogójì ọmọ wò ní alẹ́ kan. Oníṣòwò gẹdú a kọ iye igi tó wọ sọ́míìlì, a kọ iye pákó tó jáde, a sì kọ orúkọ àwọn tó kó ọjà lọ láìsan owó. László Bíró, ará ilẹ̀ Hungary, ni ó gba ìwé àṣẹ fún báírò ní ọdún 1938, ohun rere ló sì ṣe fún aráyé. Àmọ́ yíǹkì báírò ki bí òróró tó dì, àfi kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé kó tó lè yọ. Nígbà tí yóò bá fi di ìwé ogún, ìka ti ń ro olùkọ́. Gègé oníyíǹkì kò fẹ́ agbára. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti kan ìwé, yíǹkì á máa wá fúnra rẹ̀. Ẹni tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ní í mọ ohun tí èyí tó.

Agbègbè wa kì í sì í ṣe àlejò gègé. Molusi College ti wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti ọdún 1949, kò tilẹ̀ tíì di àkókò tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, tí a dá sílẹ̀ ní 1982, ti ń jẹ́ orúkọ Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ láti 2001. Kí ọkùnrin yìí tó di gómìnà ní 1979, gègé ni a fi mọ̀ ọ́n. Òun ni "Ayékòótọ́" tí ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn láàárín 1954 àti 1962.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọjà.

Ẹ̀KÍNNÍ, Ọ̀RỌ̀ ẸWÀ. Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà, ọ̀rọ̀ náà sì bá gègé mu. Ìwà gègé ni pé kó kọ̀wé lójú ẹsẹ̀ tí a bá ṣí i, kó má ya yíǹkì sí wa láṣọ, kó má sì wúwo jù lọ́wọ́. Bí ó bá ní ìwà yìí tán, kó wá dúdú bí kóró iṣin, kó pupa bí osùn, kó ní ìlà wúrà lọ́rùn, ìyẹn ku sí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: gègé tí a kò lè mú lọ sí kíláàsì tàbí sí ìsọ̀ nítorí ẹ̀rù olè ti di ohun ọ̀ṣọ́, kì í ṣe ohun èlò mọ́. Ẹ ra èyí tó jẹ́ pé bó bá sọnù, yóò dùn yín, ṣùgbọ́n kò ní pa owó oúnjẹ lára.

Ẹ̀KEJÌ, ẸNU GÈGÉ. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà fún àwa tí a ń kọ Yorùbá. Ní ọdún 1875 ni àwọn aṣáájú ìjọ C.M.S. ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa, láti ìgbà náà sì ni àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹnu gègé tó nípọn lè tẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn, kó sì ba tiwa jẹ́. Ẹ bèèrè fún èyí tí wọ́n kọ lẹ́tà F sí lára, ìyẹn ẹlẹ́nu tín-ín-rín. M jù ú lọ díẹ̀, B sì nípọn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé F àwọn ará Japan máa ń tín-ín-rín ju F àwọn ará Yúróòpù lọ.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ tí wọ́n gbà kí a dán gègé wò, ẹ má kàn kọ orúkọ yín, nítorí ọwọ́ ti mọ orúkọ náà jù. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí: owó, ọwọ́, òwò, ọ̀wọ̀, ọwọ̀. Ẹ kọ wọ́n ní kékeré, bí ẹ ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò. Bí àmì abẹ́ bá di àbàwọ́n, tí ohùn òkè bá lẹ̀ mọ́ ọ, tí ẹ kò sì mọ owó yàtọ̀ sí ọwọ́ mọ́, ẹ dá a padà. Oníṣòwò tí kò bá lè ka owó nínú ìwé ara rẹ̀, kí ló kù?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wúrà dẹ́rù bà yín. Láyé àtijọ́, yíǹkì a máa jẹ irin, wúrà kì í sì í dípẹtà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi wúrà ṣe ẹnu gègé. Lónìí irin tí kì í dípẹtà ti pọ̀, ó sì ń kọ̀wé dáradára. Ṣóńṣó orí rẹ̀ tó ń kan ìwé kì í tilẹ̀ ṣe wúrà. Irin mìíràn tó le ju wúrà lọ ni wọ́n jó mọ́ ọn.

Ẹ̀KẸTA, ARA GÈGÉ. Ẹ wo ìdérí rẹ̀ dáradára. Ní ìgbà ọyẹ́, atẹ́gùn a máa fa omi inú yíǹkì, gègé tí ìdérí rẹ̀ kò sé dáadáa a sì gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Platinum Preppy láti Japan kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ìdérí rẹ̀ ń sé tó fi jẹ́ pé yíǹkì kì í tètè gbẹ nínú rẹ̀. Lamy Safari, tí àwọn ará Jámánì gbé jáde ní 1980, àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì tẹ́ ibi ìdìmú rẹ̀ pẹrẹsẹ kí ìka lè mọ ibi tí yóò wà. Pilot Metropolitan náà jẹ́ gègé tó mọ́ lójú, ara rẹ̀ jẹ́ irin, ó sì ṣe é mú lọ síbi àpèjẹ.

Orúkọ tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ ni Parker. Olùkọ́ ni ẹni tó dá a sílẹ̀, George Safford Parker, ní ìlú Janesville ní Amẹ́ríkà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ wáyà, ó sì ń ta gègé fún wọn. Gègé náà ń jò, òun náà ló ń tún un ṣe. Nígbà tó sú u ló dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1888. Ní 1941 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé Parker 51 jáde, èyí tí ẹnu rẹ̀ fara pamọ́ sínú bí orí ìjàpá, kí yíǹkì má baà gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: orúkọ tí a kọ sí ara gègé kì í ṣe ẹ̀rí. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí mo kọ sókè yẹn ni kí ẹ fi dán an wò.

Bí ẹ bá rí 51 nínú àpótí bàbá yín, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ rẹ ẹnu rẹ̀ sínú omi tútù lásán di ọjọ́ kejì, ẹ máa pààrọ̀ omi náà títí yóò fi mọ́. Ẹ má lo omi gbígbóná, ẹ má lo ọtí líle. Gègé àtijọ́ tó ní àpò rọ́bà nínú, rọ́bà náà lè ti jẹrà, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo bí gègé ṣe ń gba yíǹkì. Àwọn kan ń lo ike kékeré tí a ń pààrọ̀, tí ike ilé-iṣẹ́ kan kì í sì í sábà bá ti òmíràn mu. Bí irú ike bẹ́ẹ̀ bá wọ́n ní ìlú yín, gègé yín di igi lásán. Ẹ ra èyí tó lè fa yíǹkì láti inú ìgò.

Ẹ̀KẸRIN, YÍǸKÌ, TÍ ÀWỌN ÀGBÀ Ń PÈ NÍ TÀDÁWÀ. Ẹ dákun, ẹ dúró níbí dáadáa. Gègé lè dára kí yíǹkì sì ba iṣẹ́ jẹ́. Oríṣi yíǹkì kan wà tí a ṣe kí ó lè fọ̀ kúrò lára aṣọ ọmọ iléèwé. Ó dára fún ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi kọ ìwé ilẹ̀, ìwé èésú, tàbí ìwé àwọn tó jẹ yín lówó, tí òjò sì jò sórí àpótí ní ọjọ́ kan, omi aláwọ̀ búlúù nìkan ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹni tó jẹ wá lówó kò ní bá wa ka ohun tí omi ti pa rẹ́. Àwọn ọmọ tó bá fẹ́ mọ ibi tí ààlà ilẹ̀ bàbá wọn dé kò ní rí nǹkan kan fi hàn ní kóòtù.

Nítorí náà, yíǹkì tí omi kì í fọ̀ ni kí ẹ fi kọ ohun tó bá kan owó tàbí ilẹ̀. Ní England, yíǹkì tí a fi irin pò, tí ń dúdú sí i bó ti ń pẹ́, ni àwọn akọ̀wé ìjọba máa ń fi kọ ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú tẹ́lẹ̀ rí. Òmíràn tún wà tí a fi èédú tó kúnná ṣe, bíi Platinum Carbon. Àwọn méjèèjì ló dára, ṣùgbọ́n wọn a máa di gègé bí a bá pa á tì, ẹ máa fi omi ṣan gègé lóṣooṣù. Ẹ má ṣe bu yíǹkì àwọn ayàwòrán tí a ń pè ní Indian ink sínú rẹ̀ láé. Oje tó ń dì bí àtè wà nínú rẹ̀, yóò sì dí ọ̀nà ọ̀fun gègé pátápátá.

Ẹ má gba ohun tí a kọ sára ìgò gbọ́ lásán. Ẹ kọ ìlà méjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá kán omi sí i. Ohun tó bá kù lórí ìwé ni òótọ́ rẹ̀.

Ẹ̀KARÙN-ÚN, ÌWÉ. Ìwé míràn a máa mu yíǹkì bí ilẹ̀ ọ̀dá ti ń mu omi, lẹ́tà á wá máa hu gbòǹgbò. Ẹ fọwọ́ kàn án: èyí tó bá dán díẹ̀ ló dára. Ẹ kọ nǹkan sí i, kí ẹ yí i padà. Bí yíǹkì bá ti yọ lẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára ju ẹlòmíràn lọ, nítorí Ìwòpin ní etí omi Ògùn Waterside ni ìjọba àpapọ̀ gbé ilé-iṣẹ́ ìwé kan kalẹ̀ sí, tí a sì gbin igi mẹ̀línà sí igbó Ọmọ kí wọ́n lè máa fi ṣe ìwé níbẹ̀. Igi hù. Ìwé tí a retí kò tẹ̀ wá lọ́wọ́, a sì ń ra ti òkèèrè títí dòní.

Kí n má ṣe ojúsàájú, ibì kan wà tí báírò ti ju gègé lọ. Bí ẹ bá ń kọ rìsíìtì tó ní kábọ́ọ̀nù lábẹ́, báírò ni kí ẹ lò. Gègé kò fẹ́ kí a tẹ òun, bí a kò bá sì tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà kejì kò ní hàn. Bí ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ á là. Ẹ ní méjèèjì, kí oníkálukú máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Nípa ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sókè nínú àpò, nítorí ooru a máa ti yíǹkì jáde, pàápàá bó bá kù díẹ̀ nínú. Ẹ má fi sílẹ̀ láìdé. Ẹ má sì yá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le, ìbáà jẹ́ ọ̀gá àgbà: ẹ fún un ní báírò.

Bí owó yín bá mọ níwọ̀n, gègé tí kò wọ́n àti ìgò yíǹkì tí omi kì í fọ̀ sàn ju gègé olówó iyebíye àti yíǹkì tí ń ṣí lọ. Ẹ fi ẹnu tín-ín-rín ṣáájú, kí yíǹkì tẹ̀ lé e, kí àwọ̀ tó wù yín wá kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé, tí ẹ fi àmì sí i bó ti tọ́, tí ọdún mẹ́wàá sì kọjá tí a ṣì ń kà á, ẹ ó mọ̀ pé ẹwà gègé náà kò mọ sí ara rẹ̀ nìkan.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ọjà kó tà, kí ọmọ kó gbọ́ ẹ̀kọ́. Ire o.