Ẹ Má Ṣe Fi Orúkọ Ẹgbẹ́ Lé Akẹgbẹ́ Yín Jáde



Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Ọmọ ẹgbẹ́ 13 ni ó fọwọ́ sí i. Wọ́n ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá wọn sọ fún àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n yọ obìnrin kan kúrò láàrin wọn, nítorí pé ọkọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, ikọ́ ife ni ó sì ń ṣe é. Obìnrin náà kò húkọ́. Ó ti lọ ṣe àyẹ̀wò, wọn kò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó sì ń san owó ẹgbẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé náà ti ń san án.

Òwe ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwé wọn: ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ni òwe wí, kò wí etí. Ẹni tí ó bá ń fi etí ṣọ́ orí, àhesọ ni yóò máa darí rẹ̀. Kí ohun tí à ń wí lè yé yín, ẹ jẹ́ kí a mú yín dé Abidjan, ìlú tí kò jìnnà sí wa bí ó ti rí lórí àwòrán ilẹ̀. Mélòó nínú wa ni kò mọ ará Èjìgbò tàbí ará Ìnísà kan tí ó ní ẹ̀gbọ́n ní Treichville tàbí ní Adjamé?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ìjọba Côte d'Ivoire kéde pé ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ọdún 18 kan, tí ó gba ojú ọ̀nà láti ilẹ̀ Gínì wọ Abidjan, ní àrùn Ebola. Láti ọdún 1994 ni irú rẹ̀ kò ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà mọ́. Wọ́n wá àwọn tí ó ti súnmọ́ ọn, wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọjọ́ 31 oṣù kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Institut Pasteur ní ìlú Lyon, nílẹ̀ Faransé, ti tún àyẹ̀wò náà ṣe, wọn kò sì rí kòkòrò Ebola kankan nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 17 ni ó wà láàrin ìkéde méjèèjì. Ẹ ro ó wò. Ní Abidjan, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó máa ń pín àgbàlá kan àti ẹ̀rọ omi kan lò. Ká ní òṣìṣẹ́ èbúté kan ń gbé inú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, tí irú àlejò yìí sì wọ̀ sí ibẹ̀, tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta, ta ni ìbá lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìkéde kejì? Ta ni ìbá dá owó iṣẹ́ tí ó pàdánù padà fún un? Ní gbogbo ọdún tí a ti ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, a kò tíì rí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ láti fi pe ẹni tí wọ́n ti lé padà.

Ní ìlú kan náà, ní Yopougon, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2020, àwọn ará àdúgbò wó ibùdó àyẹ̀wò Kòrónà tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní ó súnmọ́ ilé àwọn jù. Àrùn kọ́ ni wọ́n lé lọ. Ibi tí wọn ìbá ti mọ ẹni tí ó ní in ni wọ́n wó lulẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé Ebola ti Abidjan kì í ṣe òótọ́, nítorí náà kò yẹ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó dára. Òótọ́ ni ti Èkó. Láti oṣù Keje ọdún 2014, ènìyàn 20 ni ó kó o ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Àwọn tí ó súnmọ́ wọn tó 900, a sì ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ 21. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣàìsàn rárá, nítorí pé Ebola kì í ti ara ẹni tí kò tíì hàn lára rẹ̀ ràn ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, a kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe dé Port Harcourt? Ẹnì kan nínú àwọn tí à ń ṣọ́ ni ó yọ́ kúrò ní Èkó, tí ó sì lọ gba ìtọ́jú ní ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ kú. Ìfarapamọ́ ni ó gbé àrùn náà rìn. Àwa tí à ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sì ni à ń kọ́ ènìyàn láti fara pamọ́.

Àrùn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ikọ́ ife ń ṣe ní ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń tú u sínú afẹ́fẹ́. Aṣọ aya rẹ̀ tàbí àga tí ó jókòó lé kò lè ràn yín. Bí aláìsàn náà bá ń lo oògùn rẹ̀ bí ó ti yẹ, ewu rẹ̀ a dínkù gidigidi láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. HIV ní tirẹ̀ kì í gba ara ife omi, irin iṣẹ́ tàbí ilé ìgbẹ́ kọjá. Síbẹ̀, orí ìbẹ̀rù kan náà ni a ń di gbogbo wọn lé.

Ọ̀rọ̀ òfin wá ni ó dùn wá jù. Òfin iṣẹ́ Côte d'Ivoire ti ọdún 2015 sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi HIV ṣe ìpinnu lórí òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ òótọ́, ìbáà jẹ́ ìfura lásán. Nàìjíríà ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí HIV ní ọdún 2014. Àdéhùn àgbáyé kẹrìndínlọ́gọ́jọ (156) lórí iṣẹ́, ti ọdún 1981, sì sọ pé ẹrù ìdílé nìkan kì í ṣe ìdí láti lé òṣìṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó jà kí irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tó di àkọsílẹ̀. Àwa náà ni a wá kọ̀wé sí ọ̀gá, tí a ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe ohun tí a ti jà kí ó má ṣe! Bí ó bá yọ aya aláìsàn lónìí nítorí ìwé yín, ìwé yín ni yóò fi hàn yín lọ́la tí ọmọ tiyín bá dùbúlẹ̀.

Òótọ́ ni pé HIV ni àwọn òfin méjì àkọ́kọ́ dárúkọ, wọn kò dárúkọ ikọ́ ife. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àdéhùn tí àwa àti agbanisíṣẹ́ ń fọwọ́ sí dárúkọ rẹ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣọ́ra. Kí fèrèsé yàrá iṣẹ́ ṣeé ṣí. Kí ẹni tí aláìsàn wà nílé rẹ̀ lè lọ ṣe àyẹ̀wò ní àkókò iṣẹ́, láìsí ìyọkúrò nínú owó rẹ̀. Bí dókítà bá ní kí ó jókòó sílé, kí owó oṣù rẹ̀ pé. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ̀ pé òun yóò pàdánù owó oúnjẹ àwọn ọmọ òun, inú àtẹ́lẹwọ́ ni yóò máa húkọ́ sí, ẹ̀gbẹ́ yín náà ni yóò sì ti máa hú u.

A ti dá ìwé ẹ̀bẹ̀ náà padà sí ẹ̀ka tí ó ti wá, pẹ̀lú àbá mẹ́ta yìí tí a tẹ̀ sórí ìwé mìíràn. Kí àwọn akọ̀wé ẹ̀ka yòókù béèrè fún ẹ̀dà tiwọn kí ìdúnàádúrà ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀.